Ààrò Mẹ́ta àti Ìbọn Mẹ́ta

Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ẹni tó bá ti fi òkúta dáná rí mọ̀ pé méjì ò lè gbé ìkòkò dúró. A máa ń fi òwe yìí yin ìrẹ́pọ̀, bẹ́ẹ̀ ààrò ò fẹ́ràn ara wọn o. Ìwúwo ìkòkò ló mú wọn dúró.

Àwọn onímọ̀ ìṣirò ní àlọ́ kan tó jọ ọ́. Ọkùnrin mẹ́ta na ìbọn síra wọn. Èkínní kì í tàsé. Èkejì ń bà á lẹ́ẹ̀mejì nínú mẹ́ta. Ẹ̀kẹta, ẹ̀ẹ̀kan péré nínú mẹ́ta; òun ni yóò kọ́kọ́ yìnbọn, kí èkejì tó tẹ̀ lé e, kí èkínní tó kan. Ta ni kó yìn ín sí?

Òfúrufú ni! Bó bá pa ọ̀kan, ó ti yọ ààrò kan kúrò fúnra rẹ̀, ìbọn ẹni tó kù, tó mọ̀ ọ́n yìn jù ú lọ, yóò sì kọjú sí i. Bó bá fi ìkòkò sílẹ̀ lórí iná, àwọn alágbára méjèèjì ni yóò bá ara wọn fà á, nítorí ẹ̀rù ara wọn ló ń bà wọ́n. (Ìyàwó kẹta nílé olórogún ò nílò ìṣirò kó tó mọ èyí.) Nígbà tí yóò bá tún kàn án, ẹnì kan ṣoṣo ló kù níwájú rẹ̀.

Nínú ọgọ́rùn-ún irú ìjà bẹ́ẹ̀, yóò yè é nínú nǹkan bí 40, èkejì nínú 38. Akọni tí kì í tàsé, 22.