Ǹjẹ́ Ọ̀lẹ Ni Ẹni Tí Ó Dín Iṣẹ́ Rẹ̀ Kù?

Púpọ̀ nínú wa ni ó ní ọmọ ní ìlú Òyìnbó. Bí owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ bá dín kù, tí a sì gbọ́ pé ọmọ náà kò ṣiṣẹ́ tó ti àtẹ̀yìnwá mọ́, kì í pẹ́ kí a tó sọ pé ọ̀lẹ ni. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìdílé kan ní England ṣe àpẹẹrẹ. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu ọkọ, kò lè wẹ̀ tàbí wọṣọ fúnra rẹ̀ mọ́. Ìyàwó wá dín iṣẹ́ rẹ̀ kù sí ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Ìjọba ń fún ọkọ ní owó àìlera tí à ń pè ní PIP, owó iṣẹ́ ìyàwó kò sì dín in kù. Ìyàwó náà lè gba owó olùtọ́jú, Carer's Allowance, bí ó bá ń tọ́jú ọkọ fún wákàtí 35 lọ́sẹ̀ ó kéré tán. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, pọ́n-ùn 83 àti ọgbọ̀n pẹ́nì ni owó náà lọ́sẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn owó orí, kò gbọdọ̀ ju ààlà kan lọ; pọ́n-ùn 196 ni ààlà náà nígbà náà. Bí ó bá fi pọ́n-ùn kan ṣoṣo lé e, gbogbo owó olùtọ́jú ọ̀sẹ̀ náà lọ.

Nítorí náà, bí ọ̀gá rẹ̀ bá ní kí ó fi ìdajì ọjọ́ kún un, tí ó kọ̀, ǹjẹ́ ọ̀lẹ ni? Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ méjì lẹ́nu iṣẹ́ jẹ́ wákàtí 16. Bí a bá fi 35 ti ilé kún un, ó di 51. Ta ni nínú wa tí yóò pe ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ? Títọ́jú aláìsàn, iṣẹ́ ni, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ san owó rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ kò gbọdọ̀ di èrú. Bí owó iṣẹ́ bá yí padà, kí ó sọ fún ìjọba kíá. Ní ọdún 2024, ìròyìn kàn pé ọ̀pọ̀ olùtọ́jú ni wọ́n ní kí ó dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn padà, àwọn mìíràn kò sì mọ̀ pé àwọn ti kọjá ààlà. Ẹni tí físà rẹ̀ kò sì gbà á láàyè láti gba irú owó bẹ́ẹ̀, kí ó má ṣe fọwọ́ kàn án.

Àwa ńkọ́? Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bí ọmọ wa bá tẹ̀ wá láago, kí a tó béèrè owó, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè pé, "Báwo ni ara ọkọ rẹ? Ìwọ náà ńkọ́, ṣé o rí oorun sùn?"