Ilé Tí Ẹ̀tẹ̀ Mú

Ibi kíkà: Léfítíkù 14:33–53

Mo mọ̀ pé ìwé Léfítíkù kì í ṣe ibi tí púpọ̀ nínú wa máa ń ṣí Bíbélì sí. Bí ọdún tuntun bá dé, tí a ní a fẹ́ ka Bíbélì tán láti páálí dé páálí, ibẹ̀ ni oorun ti máa ń gbé wa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a dúró níbẹ̀ lónìí, nítorí orí kẹrìnlá sọ ohun kan tó ṣàjèjì: ó ní ẹ̀tẹ̀ lè mú ilé. Kì í ṣe ènìyàn inú ilé o. Ilé fúnra rẹ̀, ògiri àti òkúta rẹ̀.

Ẹ wo bí òfin náà ṣe tò ó. Onílé fúnra rẹ̀ ni yóò lọ bá àlùfáà, tí yóò sọ pé òun rí ohun tó jọ àrùn lára ògiri òun. Àlùfáà yóò ní kí wọ́n kọ́kọ́ kó ẹrù jáde, kí ohun tó wà nínú ilé má baà di aláìmọ́. Yóò ti ilé náà pa fún ọjọ́ méje. Bó bá padà dé, tó rí i pé àrùn ti ràn, wọn yóò yọ àwọn òkúta tó ti kó o, wọn yóò ha ògiri inú ilé yíká, wọn yóò kó òkúta àti erùpẹ̀ lọ sẹ́yìn ìlú. Òkúta mìíràn ni wọn yóò fi dípò, wọn yóò sì rẹ́ ilé náà ní ọ̀tun. Bí àrùn bá tún jáde lẹ́yìn èyí, wíwó ló kù. Bí kò bá jáde mọ́, àlùfáà yóò kéde pé ilé mọ́, yóò ṣe ètùtù fún un, ilé yóò tún di ilé.

Mo ka ibẹ̀ síwá sẹ́yìn, n kò bá ọ̀dà pàdé. Ọlọ́run kò sọ fún onílé kankan pé kó kun ògiri.

Kànga àgbàlá wa

Ilé tí èmi àti ìdílé mi ń gbé ní Ìkẹ́rẹ́ yìí, béèyàn bá yọjú lójú fèrèsé, Òkè Olósùnta ni yóò kọ́kọ́ rí. Kànga kan wà lágbàlá wa tí ilé mẹ́fà ń pọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìyá àgbà tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn fa omi tí wọn yóò fi se iṣu. Mo gbọ́ tí wọ́n ké pè mí: “Pásítọ̀, ẹ wá wo omi yìí o!” Mo bẹ̀rẹ̀ wo inú garawa. Ojú omi ń dán, ó ń ṣe àwọ̀ bí òṣùmàrè, òórùn bẹntiróòlù sì gbá mi nímú.

Bàbá onílé wa ra álọ́ọ̀mù, wọ́n dà á sí i. Wọ́n tún kun ìdérí kànga ní ọ̀dà funfun. Òórùn náà lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin ó padà, ó sì mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dání.

Ilé epo kan wà lókè ọ̀dọ̀ wa. Táǹkì tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ níbẹ̀ ti lu. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà. Nígbà tí wọ́n gbà, wọ́n hú táǹkì náà jáde, wọ́n sì wa erùpẹ̀ tó ti mu epo, típà méjì ni. Inú wa dùn, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ bá mi fi típà méjì yìí sọ́kàn. A ó padà sí i.

Òkúta kan, òkúta kan

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilé mìíràn tí ẹ̀tẹ̀ mú. Lọ́jọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2011, ilẹ̀ mì tìtì ní Japan, òkun sì ru gun orí ilẹ̀. Ní Fukushima, omi bo ilé-iṣẹ́ kan tó ń fi agbára núkílíà pèsè iná mànàmáná. Iná tó ń gbé ẹ̀rọ ìtutù ibẹ̀ ṣiṣẹ́ kú. Mẹ́ta nínú àwọn ààrò ibẹ̀ gbóná títí ohun tí wọ́n ń lò bí igi ìdáná fi yọ́ bí òrí inú oòrùn. Ìtànṣán olóró tú jáde. Àwọn tó fi ilé àti oko sílẹ̀ lé ní 150,000.

Ohun tó yọ́ tó sì dì pa sí ìsàlẹ̀ ààrò mẹ́ta náà tó nǹkan bí 880 tọ́ọ̀nù. Ènìyàn ẹlẹ́ran ara kò lè wọ ibẹ̀. Ẹ̀rọ ni wọ́n ń tì wọlé, irú èyí tó ń nà bí ọ̀pá ìpẹja. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ọdún kẹtàlá lẹ́yìn ìjàǹbá náà, wọ́n rí èyí àkọ́kọ́ mú jáde. Ẹ gbọ́ bó ṣe tó: 0.7 gíráàmù. Iyọ̀ tí ìyàwó ilé fi ìka mẹ́ta bù sínú ọbẹ̀ lè wúwo jù ú lọ.

Mo rí i pé àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé 30 sí 40 ọdún ni yóò gbà. Ẹlòmíràn wà níbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, tó mọ̀ pé òun yóò ti fẹ̀yìn tì, bóyá òun yóò ti sùn, kí òkúta ìkẹyìn tó jáde. Àwa ńkọ́? Bí a bá gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí ìjà ìdílé tó ti pé ogún ọdún, tí kò parí lọ́jọ́ kẹrin, a óò ní Ọlọ́run kò gbọ́.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, tiyín rèé. Ní Fukushima, láti ọdún 2012 títí di 2019, gbogbo àpò ìrẹsì tí wọ́n kórè ni wọ́n gbé kọjá lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dé ọjà. Kì í ṣe kí wọ́n mú ọ̀kan wò nínú ọgọ́rùn-ún. Gbogbo rẹ̀ ni. Wọ́n ti ha erùpẹ̀ orí oko kúrò ní ọ̀pọ̀ ibi, ilẹ̀ ti mọ́, ṣùgbọ́n orúkọ oko kò tíì mọ́. Ta ni yóò ra ìrẹsì tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á fún ọmọ rẹ̀? Ìdí nìyẹn tí Léfítíkù fi ní kí àlùfáà kéde. Ilé tó ti sàn, tí ẹnikẹ́ni kò sọ pé ó sàn, ahoro náà ni. Ní Futaba, ọ̀kan nínú ìlú méjì tí ilé-iṣẹ́ náà wà lórí ilẹ̀ wọn, ọdún mọ́kànlá ni ẹnikẹ́ni kò gbé ibẹ̀. Ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí apá kan ìlú náà fún àwọn tó bá fẹ́ padà. Díẹ̀ ló padà. Síbẹ̀, wọ́n ṣí i.

Ilé tiwa

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni mò ń sọ. Lọ́dún 2011 yẹn kan náà, ní oṣù kẹjọ, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń rí sí àyíká gbé ìwádìí jáde lórí ilẹ̀ Ògóní, ní ìpínlẹ̀ Rivers. Láti ọdún 1958 ni wọ́n ti rí epo rọ̀bì níbẹ̀. Àwọn ará ìlú figbe ta títí ilé-iṣẹ́ Shell fi kó kúrò ní 1993. Ní 1995, ìjọba ológun so Ken Saro-Wiwa, tó ṣíwájú nínú igbe náà, àti àwọn mẹ́jọ mìíràn kọ́. Wọn kò wa epo níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n páìpù kò kúrò, epo tó ti dà sílẹ̀ kò kúrò. Ẹ̀tẹ̀ kì í bá ayálégbé kó jáde.

Ní Nisisioken Ogale, nílẹ̀ Ògóní náà, àwọn olùwádìí bá epo tó léfòó lórí omi abẹ́ ilẹ̀, ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 8. Nínú omi kànga tí àwọn ènìyàn ń mu, wọ́n bá oró kan tó ń jẹ́ benzene, tó ju ìwọ̀n tí àjọ ìlera àgbáyé fọwọ́ sí lọ ní ìlọ́po 900. Nígbà tí mo ka ìyẹn, garawa ìyá àgbà ló wá sí mi lọ́kàn. Wọ́n ní àtúnṣe ilẹ̀ náà yóò gba 25 sí 30 ọdún, àti pé ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ nìkan yóò jẹ bílíọ̀nù kan dọ́là. Oṣù kẹfà ọdún 2016 ni ìjọba ṣí iṣẹ́ náà ní Bodo, ìlú kan nílẹ̀ Ògóní, pẹ̀lú ìlù àti àgbádá. Ó di 2019 kí àwọn òṣìṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wa ilẹ̀. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn tí àlùfáà ti wí pé ẹ̀tẹ̀ ni.

Síbẹ̀, ní Bodo, àwọn ènìyàn ti ń wọ ẹrẹ̀ lọ gbin ọmọ igi etí omi, irú èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ ilé fún alákàn àti ọmọ ẹja. Òkúta tuntun nìyẹn. Yíyọ nìkan kò tó. Bí a bá yọ òkúta tí a kò fi òmíràn dípò, ihò la ṣe.

Níbo la kó o sí?

Bíbélì ní ẹ̀yìn ìlú ni kí wọ́n kó òkúta náà lọ, síbi àìmọ́ kan. Ibi tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé àìmọ́ ló wà níbẹ̀ ni o, kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò. Ní ọdún 1988, àwọn oníṣòwò kan láti Ítálì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá ìdọ̀tí olóró wá sí Kókò, ìlú etídò kan ní ìpínlẹ̀ Delta òde òní. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n fi háyà àgbàlá ọkùnrin kan níbẹ̀. Nígbà tí àṣírí tú, Nàìjíríà fárígá, wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi kó o padà. Lọ́dún náà gan-an ni ìjọba dá àjọ tó ń dáàbò bo àyíká sílẹ̀. A bínú sí àwọn òyìnbó yẹn, ìbínú wa sì tọ́.

Ó ku típà méjì.

Ọjọ́ tí wọ́n wa erùpẹ̀ yẹn, awakọ̀ bi mí léèrè, nítorí èmi ni wọ́n bá níta: “Pásítọ̀, ibo ni ká dà á sí?” Mo ní, “Ẹ ṣáà kó o kúrò níbí.” Ohun tí mo sọ nìyẹn. Mo wọlé, mo jẹ iyán.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mo lọ kí ọmọ ìjọ wa kan lóko, ní ọ̀nà Ìsẹ̀. Òùngbẹ ń gbẹ mí. Ó bu omi fún mi nínú ife, ó kúnlẹ̀ gbé e fún mi. Ojú omi ń dán, ó ń ṣe àwọ̀ bí òṣùmàrè. Kò sí ilé epo níbẹ̀, kò sí páìpù. Etí odò tí wọ́n ń pọn ni mo bá òkìtì erùpẹ̀ dúdú náà, koríko kò hù lórí rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Eérú tèmi kò tọ̀ mí. Ọmọ ìjọ mi ló tọ̀ lọ, àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin.

Nítorí náà, kí n tó sọ fún ẹ̀yin mẹkáníìkì kí ẹ má da ọ́ìlì dúdú sí gọ́tà mọ́, kí n tó bá ẹ̀yin tó ń da ásíìdì bátìrì sílẹ̀ wí, èmi ni onílé tó wá bá àlùfáà lónìí. Ẹ̀tẹ̀ wà lára ògiri mi. Mo ti lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí àyíká láti bèèrè ibi tó tọ́ láti kó erùpẹ̀ náà sí, nítorí n kò fẹ́ gbé e fún ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀kejì. Ìdílé náà ti ń pọn omi níbòmíràn, ẹgbẹ́ ọkùnrin ló ń gbé omi lọ fún wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní ká wá kó o, èmi ni yóò kọ́kọ́ ki ṣọ́bìrì bọlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi lọ, kó wọ bàtà tó le.

Kí Olúwa fún wa ní ojú tó ń rí ògiri ara wa, kó fún wa ní sùúrù àwọn tó ń yọ òkúta kan, òkúta kan. Kó sì jẹ́ kí omi tí aládùúgbò wa yóò bù fún wa mọ́. Àmín.