Ta Ló Ni Ìwé Tí A Dà Kọ?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó fi gègé kọ́ ẹrú Rẹ̀ ní ìmọ̀. Ẹ̀yin ará wa, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lónìí kì í ṣe ti àwọn ará òde nìkan. Ó kàn wá nínú ilé, ó kàn wá ní ilé kéwú, ó sì kàn wá ní ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí pàápàá. Bí ènìyàn bá kọ ìwé tó ń kọ́ni ní ẹ̀sìn, tí a dà á kọ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, tí a tà á, tí a sì fi owó rẹ̀ ṣe iṣẹ́ rere, ǹjẹ́ a jẹ̀bi?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ní Adó-Èkìtì nìyí. A fẹ́ gbẹ́ kànga sí ẹ̀gbẹ́ ilé kéwú wa, owó kò sì tó. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa rí ìwé kékeré kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí orí fóònù rẹ̀ nípasẹ̀ WhatsApp. Ìwé náà fi èdè Yorùbá ṣàlàyé bí ọmọdé ṣe lè ka Lárúbáwá, ó sì yéni yékéyéké. A gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì, a dì í, a sì tà á fún àwọn òbí. Ojú ewé àkọ́kọ́ kò sí nínú èyí tó tẹ̀ wá lọ́wọ́, nítorí náà a kò mọ ẹni tó kọ ọ́. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé a kò béèrè.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, bàbá àgbàlagbà kan ti Ìgèdè wá kí ọmọ rẹ̀ ní Adó. Ó gbọ́ tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń ka kéwú. Ó ní kó mú ìwé náà wá kí òun wò ó. Òun gan-an ló kọ ọ́! Owó kòkó ọdún kan ló fi tẹ̀ ẹ́, páálí ìwé tí kò tíì tà sì wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀ títí di ọjọ́ náà.

A lọ bẹ̀ ẹ́, a sì mú owó dání. Kò wo owó náà. Ó ṣí ìwé wa, ó fi ìka tọ́ ojú ewé kan, ó ní: “Ẹ wò ó, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀rọ yín ti jẹ àmì tó wà lórí lẹ́tà wọ̀nyí. Ọ̀rọ̀ mìíràn ni ọmọ yìí ń kà. Bí wọ́n bá sì rántí orúkọ mi lọ́jọ́ kan, wọn á ní èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.”

Nígbà tí a padà délé, àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ láàárín wa. Àwọn kan ní ìmọ̀ ẹ̀sìn kì í ṣe ohun tí a ń dè mọ́lẹ̀, pé Ànọ́bì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kìlọ̀ gidigidi fún ẹni tó bá fi ìmọ̀ pamọ́. Wọ́n tún ní ẹni tó bá jí ewúrẹ́ ló mú un kúrò lọ́dọ̀ olówó rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé bàbá kò kúrò nílé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà lágbára, kò sì yẹ ká fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Àmọ́ ìmọ̀ yàtọ̀ sí iṣẹ́. Kò sí ẹni tó ni álífù. Bí a bá ka ìwé bàbá, tí ó yé wa, tí a sì jókòó kọ tiwa ní ọ̀rọ̀ ẹnu ara wa, kò sí ẹni tí yóò bá wa wí. Ṣùgbọ́n òru tí ó fi kọ ọ́, bí ó ti tò ó, owó kòkó tó ná sí i, òógùn rẹ̀ ni. Òótọ́ ni pé ìwé rẹ̀ kò kúrò nílé. Ìyẹn gan-an ni ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀: kò kúrò lábẹ́ ibùsùn, nítorí àwọn tí ìbá rà á ti ra tiwa.

Àwọn onímọ̀ wa ti wo ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 1988, ìgbìmọ̀ àgbáyé àwọn onímọ̀ fíkíhì pàdé ní Kuwait, wọ́n sì fẹnu kò pé ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé lórí ìwé rẹ̀ jẹ́ dúkìá tí Ṣàríà ń dáàbò bò, tí kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni rú u. Èyí bá ìkìlọ̀ Àlùkùránì mu, ní Súrà Kejì ẹsẹ 188, pé ká má ṣe fi èrú jẹ dúkìá ara wa.

Ti orúkọ náà ńkọ́? Àwọn aṣáájú wa kì í sọ hádíìsì láìsọ ẹni tí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ní Èkìtì níbí, àpẹẹrẹ kan wà ní Ìkẹ́rẹ́. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà. Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní ìlú Òyìnbó, ó sì wà ní British Museum di òní. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wò ó láìmọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ní nǹkan bí ọdún 1938 ni Ọlọ́wẹ̀ kú, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ kan ṣì ń ki oríkì rẹ̀ nígbà tí onímọ̀ kan wá gbà á sílẹ̀ ní 1988. Yorùbá kì í jẹ́ kí orúkọ oníṣẹ́ parun. Kí ló wá dé tí a fi ń gé ojú ewé àkọ́kọ́ kúrò?

Ìjọba pẹ̀lú kò dákẹ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tí wọ́n ń pè ní Copyright Act 2022. Lábẹ́ òfin yìí, òǹkọ̀wé kò nílò láti forúkọ sílẹ̀ kó tó ní ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀tọ́ náà wà títí ó fi máa kú, ó sì tún wà fún àwọn àrólé rẹ̀ fún 70 ọdún sí i. Ẹ ò rí i pé ogún ni! Ẹni tó ń bẹ̀rù láti jẹ ogún ọmọ òrukàn, kó bẹ̀rù èyí náà. Bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ ènìyàn sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgba àṣẹ, ó lè kọ̀wé sí àwọn tó ni ojú òpó náà pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Síbẹ̀ òfin náà kò ti ìlẹ̀kùn ìmọ̀: ó fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ àti fún àwọn afọ́jú, kò sì sọ pé ẹnikẹ́ni ló ni èrò.

A padà sí Ìgèdè. Bàbá ní kí a dá orúkọ òun padà, kí a gba àwọn ìwé tó ní àṣìṣe lọ́wọ́ àwọn òbí, kí a sì bá òun ta èyí tó wà nínú páálí. A gbà. Owó kànga ni a fi san gbèsè náà, kànga wa sì pẹ́ títí di ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì. Lọ́jọ́ tí a parí rẹ̀, bàbá gbé ogún ìwé kalẹ̀ fún àwọn ọmọ òrukàn ilé kéwú wa lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní sàráà òun ni.

Ibẹ̀ ni ojú wa ti là. Ẹni tó ni nǹkan ló lè fi í ṣe sàráà. Àwa tí a rò pé a ń tan ìmọ̀ ká ti fẹ́ gba láádá tí kì í ṣe tiwa. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, kí ẹ tó tẹ fídíò wáàsí, orin tàbí ìwé ránṣẹ́ lórí fóònù yín, ẹ béèrè ẹni tó ni ín. Ó ṣeé ṣe kó ní kí ẹ máa pín in lọ. Bó bá kọ̀, ẹ ní sùúrù, kí ẹ sì rà á.

Kí Ọlọ́hun fi hàláálì tó wa. Àmín.