TA NI Ó NI AJÁ?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ní oṣù mẹ́ta yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹlòmíràn, nítorí pé ọ̀rọ̀ ajá ni. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ kà á dé òpin, nítorí pé ẹ̀mí àwọn ọmọ wa wà nínú rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wa, láti Òkìtìpupa dé Ìgbòtakọ, láti Ìlútitun dé Òde Ayé, ó ṣòro kí ènìyàn gba iwájú ilé mẹ́ta kọjá kí ó má rí ajá. Bí ajá bá bá ọdẹ wọ inú oko ọ̀pẹ, tí ó sì lé ọ̀yà jáde, gbogbo agboolé ni yóò máa wí pé, "Ajá wa ni." Bí ó bá gbó lóru tí olè sì sá, "Ajá wa ni." Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ó bá gé ọmọ aládùúgbò jẹ, ẹ tẹ́tí sí ohun tí a máa ń sọ: "Ajá yìí kẹ̀? Ó kàn máa ń wá jẹun níbí ni." "Àwọn ọmọ ni ó gbé e wá." "Bàbá wọn ni ó rà á, ẹ bi í." Ajá tí ènìyàn márùn-ún ni ní àárọ̀ ti di ajá tí ẹnikẹ́ni kò ni ní ìrọ̀lẹ́.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyí: ta ni ó ni ajá gan-an? Kí ni ẹni náà sì jẹ ní gbèsè, fún ajá fúnra rẹ̀ àti fún aládùúgbò?

Ẹni tí ó ń jẹ èrè ni yóò gba ẹjọ́ rò

Lójú tèmi, ẹni tí ó bá ń jẹ èrè ohun kan ni ó yẹ kí ó dáhùn fún ìpalára rẹ̀. Òfin Mósè ti rí i bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Nínú Ẹ́kísódù orí kọkànlélógún, ọ̀rọ̀ màlúù tí ó kan ènìyàn pa wà níbẹ̀, a sì pín ẹjọ́ náà sí ọ̀nà méjì. Bí màlúù náà kò bá kan ẹnikẹ́ni rí, ẹni tí ó ni ín kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń kan ènìyàn tẹ́lẹ̀, tí a ti kìlọ̀ fún ẹni tí ó ni ín, tí kò sì sé e mọ́lé, ẹ̀bi náà di tirẹ̀. Màlúù kan náà ni, ìwo kan náà ni. Ohun tí ó yí ẹjọ́ padà ni pé ẹni náà ti mọ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí pé lórí ọ̀rọ̀ ajá, àwa náà ti mọ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ọkọ ni ó ń ra ajá, àwọn ọmọ ni ó ń sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n ìyá ni ó ń bu oúnjẹ sí àwo rẹ̀. Ajá mọ ẹni tí ó ni òun: ẹni tí ó ń bọ́ ọ ni ó ń tẹ̀ lé dé ẹnu ọ̀nà. N kò sọ èyí láti tún di ẹrù mìíràn lé obìnrin lórí. Èyí tí ó wà níbẹ̀ tó. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó ń rí ajá ní àárọ̀ àti ní alẹ́ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ pé ara rẹ̀ kò yá, nítorí náà ó yẹ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní àṣẹ nínú ilé. Kí ajá tó wọlé, kí tọkọtaya jókòó kí wọ́n sì bi ara wọn pé: ta ni yóò san owó abẹ́rẹ́? Ta ni yóò tún ọgbà ṣe kí ó má baà máa jáde? Bí kò bá sí ẹni tí ó dáhùn, ilé náà kò tíì tó ajá ní.

Gbèsè tí a jẹ ajá

Àwọn kan yóò ní, "Ẹranko ni, kí ni a tún jẹ ẹ́?" Ìwé Òwe orí kejìlá ẹsẹ ìkẹwàá ka ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn mọ́ ìwà olódodo. John Wesley pàápàá, tí ìjọ wa ti ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ṣe ìwàásù kan ní 1781 lórí Róòmù orí kẹjọ, nípa ìdáǹdè gbogbo ẹ̀dá. Ó kọ́ni níbẹ̀ pé àwọn ẹranko yóò ní ìpín nínú ìdáǹdè náà, ó sì fẹ́ kí èyí mú kí a máa fi àánú bá wọn lò.

Ẹni tí kò bá gba ìyẹn kò ní ṣàì gba èyí: àwa ni a so ajá mọ́lẹ̀, àwa ni a ti ilẹ̀kùn ọgbà mọ́ ọn, kò sì lè wá omi fún ara rẹ̀ mọ́. Bí a bá ti gba agbára ìtọ́jú ara rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ìtọ́jú náà ti di tiwa. Àwọn àgbà ní ajá tí ó ní ènìyàn lẹ́yìn ni í pa ọ̀bọ. Bí a bá fẹ́ kí ó pa ọ̀bọ fún wa, ó yẹ kí a wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà àìsàn pẹ̀lú.

Ìtọ́jú náà kò le. Kí omi mímọ́ wà nínú àwo rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Púpurú tàbí ẹ̀bà nìkan kò tó ajá. Ẹ fi orí ẹja tàbí ìfun ẹran tí a sè dáadáa kún un. Ẹ má fún un ní egungun adìyẹ tí a ti sè, nítorí pé ó máa ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́, ó sì lè gún un lọ́fun tàbí nínú ìfun. Ẹ yẹra fún ìṣẹ́kù ọbẹ̀ tí àlùbọ́sà pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí pé àlùbọ́sà máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́.

Ọmọ ajá máa ń gba aran láti inú ìyá rẹ̀ kí a tó bí i, ó sì tún ń gbà á nínú ọmú. Nítorí náà ni àwọn oníṣègùn ẹranko ṣe ń fún un ní oògùn aran láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìbí, tí wọ́n sì ń tún un fún un. Ẹyin aran wà nínú ìgbẹ́ ajá, ó sì ń wọ inú ilẹ̀ tí àwọn ọmọ wa fi ń ṣeré. Ẹ máa kó ìgbẹ́ náà kúrò, kí àwọn ọmọ sì máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí wọ́n tó jẹun.

Bí eégbọn tàbí èkúrú bá bo ajá lára, ẹ má ṣe da ọ́ìlì mọ́tò dúdú sí i lára, ẹ má sì fi oògùn tí a fi ń pa aáyán àti ẹ̀fọn wẹ̀ ẹ́. Ajá máa ń lá ara rẹ̀. Ohun tí a bá dà sí i lára ni yóò gbé mì. Oògùn tí ó tọ́ wà lọ́wọ́ oníṣègùn ẹranko.

Gbèsè tí a jẹ aládùúgbò

Àwa Yorùbá a máa sọ ajá ní orúkọ tí ó jẹ́ òwe, kí a lè fi bá aládùúgbò wí láì dárúkọ rẹ̀. Bí a bá ń pe ajá ní "Tanímọ̀la" lójoojúmọ́, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn yóò gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí aládùúgbò nílò jù láti ọ̀dọ̀ ajá wa ni pé kí ó ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi.

Inú itọ́ ajá tí ó ní àrùn dìgbòlugi ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé. Bí ajá náà bá gé ènìyàn jẹ, tàbí tí ó lá ojú egbò rẹ̀, kòkòrò náà yóò gba inú iṣan lọ títí yóò fi dé ọpọlọ. Ó sábà máa ń gba oṣù méjì sí mẹ́ta; ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, ó sì lè tó ọdún kan. Egbò lè ti jinná, ọmọ lè ti máa sáré kiri, kí gbogbo ilé sì ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n nígbà tí àmì bá ti hàn, tí ọmọ ń bẹ̀rù omi, tí ọ̀fun rẹ̀ sì ń fún pọ̀, ìwòsàn fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dún, pé ajá ni ó fa bí 99 nínú ọgọ́rùn-ún, àti pé nǹkan bí mẹ́rin nínú mẹ́wàá àwọn tí ó ń kú kò tíì pé ọmọ ọdún 15.

Àrùn tí a lè dènà sì ni. Láti 1885 ni Louis Pasteur ti fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ní ilẹ̀ Faransé ní abẹ́rẹ́ lẹ́yìn tí ajá gé e jẹ, ọmọ náà sì yè. Ní Nàìjíríà níhìn-ín, iléeṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹranko tí ó wà ní Vom, ní Ìpínlẹ̀ Plateau, ń ṣe abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún ajá. Bí ọmọ ajá bá ti pé oṣù mẹ́ta ni kí a gbé e lọ gbà á, kí a sì máa tún un gbà lọ́dọọdún. Inú òtútù ni a gbọ́dọ̀ pa abẹ́rẹ́ náà mọ́ sí. Pẹ̀lú bí iná mànàmáná ti rí ní agbègbè wa, ẹ má tijú láti béèrè ibi tí wọ́n ti gbé e sí kí wọ́n tó gún ajá yín.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò wí pé, "Owó ilé ìwé ọmọ mi ni mo ń wá, ẹ ní kí n lọ gún ajá lábẹ́rẹ́." Ọ̀rọ̀ gidi ni, n kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìdáhùn mi ni pé kì í ṣe dandan kí a ní ajá. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò gbé e kò dẹ́ṣẹ̀ bí kò bá ní, ajá kan tí a tọ́jú sì sàn ju mẹ́ta tí ń jẹ ààtàn lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ní in tí a kò sì gún un, owó tí a rò pé a fi pamọ́ lè padà wá di gbèsè lọ́rùn ẹlòmíràn: ìyá ọmọ tí ajá wa gé jẹ ni yóò máa sá kiri wá owó abẹ́rẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, èyí tí ó wọ́n ju abẹ́rẹ́ ajá kan lọ fíìfíì.

Àwọn mìíràn yóò ní Ọlọ́run ni í ṣọ́ni. Òtítọ́ ni. Síbẹ̀ a máa ń ti ilẹ̀kùn kí a tó gbàdúrà òru.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ajá tí a ń kó lọ dà sí ẹ̀gbẹ́ ọjà nígbà tí wọ́n bá pọ̀ jù. Àwọn tí kò bá kú níbẹ̀ ni ó ń di ajá ìgboro tí ẹnikẹ́ni kò gún lábẹ́rẹ́. Oníṣègùn ẹranko lè ṣe iṣẹ́ abẹ tí abo ajá kò fi ní bímọ mọ́.

Bí ajá wa bá gé ọmọ jẹ

Ibí yìí ni ìdánwò wà. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Ẹ má fi epo, ata tàbí irun ajá sí i. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́. Ẹ má dúró wo bí yóò ti rí.

Kí ẹni tí ó ni ajá sì dìde lọ bá òbí ọmọ náà kí wọ́n tó wá a wá. Kí ó sọ òtítọ́ bóyá ajá náà ti gba abẹ́rẹ́ tàbí kò tíì gbà. Ẹ má pa ajá náà lóru kí ọ̀rọ̀ lè tán, ẹ má sì tà á fún àwọn tí ń pa ajá jẹ. Ẹni tí yóò pa á lè kó àrùn náà. Bí ó bá ṣeé ṣe láì léwu, ẹ sé e mọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá lábẹ́ ojú oníṣègùn ẹranko. Bí ara rẹ̀ bá dá ṣáṣá títí ọjọ́ mẹ́wàá fi pé, ìròyìn ayọ̀ ni fún òbí ọmọ náà. Ẹni tí ó bá pa á ní kíákíá ti pa ẹlẹ́rìí.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ajá tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, tí itọ́ ń dà, tí kò lè gbé nǹkan mì. Ọ̀pọ̀ a rò pé egungun ni ó há a lọ́fun, wọn a sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ má ṣe é. Ó lè jẹ́ dìgbòlugi.

Ohun tí ẹgbẹ́ wa lè ṣe

Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò ti bọ́ lọ́wọ́ dìgbòlugi tí ajá ń kó ran ènìyàn. Ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi ń gún ajá lábẹ́rẹ́ káàkiri ìlú. Àwọn onímọ̀ sọ pé bí a bá gún 70 nínú ọgọ́rùn-ún ajá ìlú kan, tí a sì ń tún un ṣe, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà tàn kálẹ̀.

Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ni Ọjọ́ Dìgbòlugi Lágbàáyé lọ́dọọdún. Mo dá a lábàá pé kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wa lọ béèrè oníṣègùn ẹranko ní ọ́fíìsì ètò ọ̀gbìn ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, kí a pè é wá sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ní ọ̀sẹ̀ náà, kí a sì kó ajá wa wá pẹ̀lú okùn lọ́rùn wọn. Kí a bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó díẹ̀díẹ̀ láti ìsinsìnyí, kí opó àti aláìní tí ó ní ajá lè rí ti wọn gún.

Kí a tó pàdé, kí olúkúlùkù wa wo ajá tí ó ń jẹun ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, kí ó sì dáhùn ìbéèrè yìí níwájú Ọlọ́run: bí ó bá gé ọmọ ẹlòmíràn jẹ ní ọ̀la, ṣé èmi yóò lè sọ pé èmi ni mo ni ín? Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tí yóò lè dáhùn bẹ́ẹ̀. Àmín.