Ipò Igbákejì: Ẹ̀bùn ni Tàbí Ẹ̀tọ́?

Ní ọdún 1976 ni ìjọba ológun fún àwọn obìnrin ìhà Àríwá ilẹ̀ wa ní ẹ̀tọ́ láti dìbò, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Gúúsù ti ń dìbò láti àwọn ọdún 1950. Kí ìgbà náà tó dé, Hájíà Gambo Sawaba ti fi ẹnu àti ara jà fún ọ̀rọ̀ yìí nínú ẹgbẹ́ NEPU. Ìgbà mẹ́rìndínlógún ni wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Ẹni tí wọ́n gba ohun ìní rẹ̀, tí wọ́n wá dá a padà fún un, ǹjẹ́ ó yẹ kí ó dúpẹ́?

Ìbéèrè yìí kò tíì kúrò nílẹ̀ ní Kaduna. Bí ènìyàn bá sọ láàárín àwọn àgbà ní Mahuta pé obìnrin kan kò tíì jẹ gómìnà ní ìpínlẹ̀ yìí rí, wọn a ní, 'Ṣebí a ti ní igbákejì.' Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìjọba ológun fi Pamela Sadauki sí ipò náà ní 1990. Dókítà Hadiza Balarabe sì dé ibẹ̀ nípa ìbò ní 2019, wọ́n tún dìbò yan òun àti ọ̀gá tuntun ní 2023.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ipò náà wò fínnífínní. Ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé ẹni tí ó ń du ipò gómìnà ni yóò yan igbákejì rẹ̀. Bí ó bá sì wọlé, òun náà ni yóò pinnu iṣẹ́ tí yóò fún un ṣe. Nígbà tí wọ́n yan Balarabe ní 2018, ohun tí ariwo pọ̀ lé lórí jù ni pé Mùsùlùmí ni òun àti ẹni tí ó yàn án. Oníṣègùn ni, ó sì ti darí àjọ ètò ìlera alábọ́ọ́dé ní ìpínlẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ta ni ó ráyè ìyẹn?

Ìyálóde kì í ṣe igbákejì ẹnikẹ́ni. Láàárín àwọn ìjòyè Ìbàdàn, ìjókòó tirẹ̀ ni ó ń jókòó sí. Àwọn kan yóò rán mi létí Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí Ààrẹ Látòósà rọ̀ lóyè ní 1874, tí wọ́n sì pa á lọ́dún náà. Mo gbà, ẹni tí ó ní agbára tirẹ̀ ní ọ̀tá tirẹ̀. Abẹ́ ìbòòji ẹlòmíràn tutù ju oòrùn lọ, èmi kò sì ní bá obìnrin tí ó yan ìbòòji jà. Ohun tí mo kọ̀ ni kí a máa pe ìbòòji ní ilé.

Ní 2023, Aishatu Dahiru Ahmed, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Binani, du ipò gómìnà Adamawa lórúkọ ara rẹ̀. Kí wọ́n tó ka ìbò tán, ọ̀gá elétò ìdìbò kan ní ìpínlẹ̀ náà jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kéde pé ó ti wọlé. Àjọ elétò ìdìbò fagi lé e, Fintiri ni ó sì borí. Ẹ wo irú ẹ̀bùn tí wọ́n fún un! Ìkéde ọjọ́ náà ni gbogbo ilé mọ̀. Ìbò 398,788 tí ó kó jọ fúnra rẹ̀, agbára káká ni ẹni tí yóò rántí rẹ̀.