ṢÉ Ẹ̀ṢẸ̀ NI KÉÈYÀN GBÁDÙN OÚNJẸ?

Ìbéèrè kan ni mo ní. Bí dókítà bá ti sọ fún èèyàn pé ara rẹ̀ ti wúwo jù, tí wọ́n wá gbé àmàlà gbígbóná, gbẹ̀gìrì, ewédú àti ògúnfe síwájú rẹ̀, kí ni kó ṣe?

Àwọn kan á ní kó kọ̀ ọ́ pátápátá. Èmi ò gbà. Jésù fúnra rẹ̀ lọ síbi ìyàwó ní Kánà, wáìnì tó sì dára jù ló ṣe fún wọn. Ààwẹ̀ nìkan pàápàá ò tó, torí bí ẹlòmíràn bá ti ṣínu tán, ìlọ́po méjì ló fi ń gba gbèsè rẹ̀.

Àfikún ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Òkèlè bíi márùn-ún àkọ́kọ́ la fi ń mọ adùn ọbẹ̀. Ojú olóúnjẹ la ń wò tí a fi ń jẹ ìyókù. Ní Ìyànà Ọ̀fà wa níbí, ẹni tó bá dá oúnjẹ padà, wọ́n á ní ó ń fura. Ẹni tó bá rù, wọ́n á ní ìyà ń jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ àwọn bàbá wa tó ń kọ ebè, iyán ni wọ́n ń jẹ, wọn ò sì sanra. Àwa tí à ń gun ọ̀kadà lọ sóko ńkọ́?

Ní 1997, àwọn oníṣègùn kan, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Òṣótìmẹ́hìn wà lára wọn, gbé ìwádìí ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín àwa aláwọ̀ dúdú jáde. Wọ́n dé Ìgbò-Ọrà. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nǹkan bí 16 nínú 100 àgbàlagbà ló ní in; ní erékùṣù Caribbean, 26; ní Amẹ́ríkà, 33. Orírun kan náà ni wọ́n o! Ṣùgbọ́n bí ara ṣe ń wúwo sí i láti ibì kan dé ìkejì, bẹ́ẹ̀ ni àrùn náà ń pọ̀ sí i.

Síbẹ̀, olóúnjẹ kò burú. Owó rẹ̀ àti ìfẹ́ rẹ̀ wà nínú abọ́ yẹn, òun ló jẹ́ kọ́rọ̀ náà le. Oúnjẹ tí a dá padà a máa dunni. Èyí tí a sọ ṣáájú pé kí wọ́n bù kó kéré kì í dun ẹnikẹ́ni. Kí olóúnjẹ náà jẹ́ kí ẹran rẹ̀ jẹ́ ojúlówó, kí ewédú pọ̀ ju òkèlè lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá ìjọ, lọ́jọ́ àjọ̀dún, màá jẹ àmàlà yín, ẹ sáà bu díẹ̀. Ní ti mínírà, ṣúgà inú ìgò 50cl kan lé ní ṣíbí kékeré mẹ́wàá. Bí ẹ bá rí i pé omi ni mò ń mu, ẹ má bi ìyàwó mi bóyá ilé ò rọgbọ.