Ìwé Kì Í Ṣe Adájọ́: Ohun Tó Yẹ Ká Fi Ìtàn Ìdílé Ṣe

 

Àwọn tó ń wá ìtàn ìdílé wọn ti ń pọ̀ sí i lọ́dọ̀ mi. Nítorí wọ́n gbọ́ pé mo ka ìmọ̀ ìtàn ní yunifásítì, obì nìkan kọ́ ni wọ́n ń gbé wá mọ́, wọ́n ń kó fọ́tòkọ́pì wá pẹ̀lú. Ìbéèrè wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà: "Bàbá, ìwé sọ báyìí, àwọn àgbà ilé wa sọ báyìí. Èwo ni ká gbà?" Ìbéèrè mìíràn wà lábẹ́ èyí tó le jù ú lọ: bí a bá rí òtítọ́ náà tán, kí ló yẹ ká fi ṣe?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹsẹ Ifá. Ẹni tó bá ti gbọ́ tí babaláwo ń ki Ifá mọ bó ṣe máa ń lọ. A ó dárúkọ awo tó dífá. A ó dárúkọ ẹni tí wọ́n dá a fún. A ó sọ ohun tó gbé e dọ́dọ̀ awo: ọmọ ló ń wá ni, àbí ogun ló ń lọ? A ó sọ ẹbọ tí wọ́n ní kó rú, bóyá ó rú u tàbí kò rú u, àti ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí mo dé yunifásítì, mo rí i pé ohun tí àwọn olùkọ́ ìtàn ń kọ́ wa kò jìnnà sí i: ta ló sọ ọ́, ta ló sọ ọ́ fún, kí ló ń wá nígbà tó ń sọ ọ́?

Ẹ mú ìbéèrè mẹ́ta yìí dání lọ sí National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Aáyan Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike ló mú kí ìjọba dá iṣẹ́ ìpamọ́ ìwé yìí sílẹ̀ ní 1954. Fáìlì ìjọba amúnisìn kún ibẹ̀. Lára wọn ni ìròyìn tí àwọn òyìnbó aláṣẹ kọ nípa ìlú wa láàárín 1930 sí 1940, èyí tí wọ́n ń pè ní Intelligence Report: ẹni tó tẹ ìlú dó, ìdílé tó kọ́kọ́ dé, ìdílé tó ń jọba. Ẹni tó bá rí orúkọ baba ńlá rẹ̀ níbẹ̀, inú rẹ̀ á dùn, á ní òyìnbó ti kọ ọ́, ó parí.

Kò tíì parí o. Òyìnbó tó kọ ọ́ kò bá wọn tẹ ìlú náà dó. Àwọn ìjòyè ń sọ ọ́, ògbufọ̀ ń túmọ̀ rẹ̀, òun ń kọ. Ìjọba sì ń wá ẹni tí wọn yóò gbé àṣẹ lé lọ́wọ́ àti ìlú tí yóò wà lábẹ́ ìlú mìíràn. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ìwé kóòtù lórí ẹjọ́ ilẹ̀ tún wá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtàn ìdílé pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ gba ilẹ̀ ló ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu náà ni, wọ́n kàn lu òǹtẹ̀ lù ú ni. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bẹ́ẹ̀ náà lẹni tó ka fáìlì kan ṣoṣo tó wá ń dájọ́ ìdílé.

Síbẹ̀, ìwé ń ṣe ohun tí ẹnu kò lè ṣe. Lẹ́yìn òfin 1807 tí Gẹ̀ẹ́sì fi fòpin sí òwò ẹrú, ọkọ̀ ogun wọn ń gba àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sílẹ̀ lórí òkun, wọ́n ń kó wọn lọ sí Freetown. Akọ̀wé á kọ orúkọ, ọjọ́ orí, gíga àti ilà ara wọn sínú ìwé ńlá. Láti inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Freetown àti Havana, orúkọ tó lé ní 90,000 ló ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àgbà ilé wo ló lè rántí gbogbo ọmọ tí wọ́n kó lọ nígbà náà? Ṣùgbọ́n etí ni akọ̀wé fi kọ orúkọ, kò gbọ́ èdè wa, kò fi àmì ohùn sí i. Bó bá kọ "Ojo" tàbí "Aina", lẹ́tà lásán ni lójú ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. Àwa á mọ̀ pé ọmọ náà gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Wàyí o, ìbéèrè kejì. Ọkùnrin kan gbé ẹ̀dà ìwé kóòtù wá. Ẹlẹ́rìí kan sọ nínú rẹ̀ pé baba ńlá ojúlé kan nínú agbo ilé wọn kì í ṣe ọmọ bíbí ilé, pé ẹrú tí wọ́n kó bọ̀ láti ogun ni. Àwọn ọmọ ojúlé yẹn ń pín nínú owó ilẹ̀ bíi gbogbo ẹbí. Ó fẹ́ ka ìwé náà sétí ìpàdé. Ó ní, "Bàbá, ṣebí òtítọ́ ni Ifá fẹ́?"

Ohun tí Ifá sọ fún un, tirẹ̀ ni, n kò ní í kọ ọ́ síbí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kan ọ̀pọ̀ nínú wa. Agbo ilé mélòó ló wà nílẹ̀ Yorùbá tí ogun kò kó ará ibòmíràn wọ̀, títí Kírìjì fi parí?

Òtítọ́ ni Ifá fẹ́, lóòótọ́. N kò ní í ní kí ẹnikẹ́ni fa ìwé ya. Ní Brazil, ní December 1890, mínísítà ìṣúná, Rui Barbosa, pàṣẹ pé kí wọ́n sun ìwé ìjọba tó jẹ mọ́ òwò ẹrú. Wọ́n ní àbààwọ́n ni lára orílẹ̀-èdè. Àwọn onímọ̀ ìtàn kan ní ó tún fẹ́ dí ọ̀nà mọ́ àwọn olówó ẹrú tó fẹ́ gba owó gbà-máà-bínú. Èyí ó wù kó jẹ́, ọmọ Yorùbá tó ń wá orísun rẹ̀ ní Bàhíà lónìí, iná yẹn jó nínú ọ̀nà rẹ̀. Kò jó ìtìjú, ìmọ̀ ló jó.

Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni ká pa ìwé mọ́, ọ̀tọ̀ ni ká fi ìwé lé èèyàn jáde nílé. Àwọn baba tó gbọ́ ẹjọ́ náà nígbà yẹn mọ ohun tí ẹlẹ́rìí sọ. Àwọn náà ló tún sin òkú ọkùnrin yẹn sínú ilé, tí wọ́n fẹ́yàwó fáwọn ọmọ rẹ̀, tí wọ́n fún wọn nílẹ̀, tí wọ́n sì dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn, ìdájọ́ ni: bí a ṣe bí ẹrú la bí ọmọ. Kò sí akọ̀wé níbẹ̀ tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rí kóòtù wá tí kò gbé ìdájọ́ ilé wá, ìdajì ìtàn ló gbé dé.

Ṣé ká wá bo ìwé mọ́lẹ̀? Rárá o. Àwọn ọmọ ojúlé yẹn ló ni baba ńlá náà. Bí ìwé bá dárúkọ ìlú tí wọ́n ti kó o wá, ọ̀nà ilé ló ṣí fún wọn. Wọ́n lè ní oríkì, èèwọ̀ àti ẹbí níbẹ̀ tí wọn kò mọ̀. Bí babaláwo bá dífá fún èèyàn, ẹni náà ló ń sọ ọ́ fún, kì í polówó rẹ̀ lọ́jà. Àgbà ojúlé yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé ìwé náà lọ bá, lójú òun nìkan. Ẹ sọ fún un ẹni tó sọ ọ́ àti ohun tó ń wá nígbà tó sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ yàn bóyá ìpàdé á gbọ́. Bó bá ní kó dúró síbẹ̀, ibẹ̀ náà ni kó dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ sí ilé ìpamọ́ ìwé, ẹ lọ, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ jókòó ti àwọn àgbà tó ṣì wà láyé, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀ àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Fáìlì á ṣì wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.